Ẹ má yó níbi àkọ́kọ́ o: bí ẹ ṣe máa tọ́ oúnjẹ ọjà wò n'Íjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Tí Iléyá bá ti ń sún mọ́ báyìí, fóònù mi kì í sinmi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi láti Èkó, láti Ìbàdàn, kódà láti Ìlọrin, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ wá wo Òjúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde l'ọ́jọ́ kẹta Iléyá, pé ibo ni káwọn ti jẹun. Wọ́n á dé lóòótọ́, wọ́n á wo ẹṣin, wọ́n á wo àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ́-ọjọ́-orí, nínú aṣọ òkè, wọ́n á ya fọ́tò títí, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìẹ díndín, ó di Èkó. Ó máa ń dùn mí dé ọkàn. Jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n jẹ yẹn, ṣebí ó wà ní Súrúlérè. Oúnjẹ tó jẹ́ tiwa gan-an kò sí nínú hòtẹ́ẹ̀lì, inú ọjà ló wà, ẹ̀bá títì ló wà, inú kúlà àti inú ewé ló wà, ẹni tí ò bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń wá a, á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ohun kan tí mo máa ń tẹnu mọ́ jù ni pé ẹ má yó níbi àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé ó nira. Èèyàn á ti kúrò l'Ékòó láti aago mẹ́fà àárọ̀, gosiló á ti dá a dúró, kó tó dé Ìjẹ̀bú-Òde ebi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú, bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀ ní garéèjì ló máa gbọ́ òórùn àkàrà, á ra ti 1,000 náírà, á kó o sínú búrẹ́dì, á fi kóòkì lé e, ó parí, ikùn ti kún, títí tó fi máa padà sílé kò ní lè fẹnu kan nǹkan míì. Àkàrà dùn, èmi náà máa ń jẹ ẹ́, àmọ́ ó wà níbi gbogbo nílẹ̀ Yorùbá. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fi ewùrà sè, èbìrìpò tí wọ́n fi kókò ṣe, ọ̀jọ̀jọ̀ tí wọ́n fi ewùrà dín, gàrí tó kan dáadáa, àwọn lẹ tìtorí ẹ̀ wá, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún wọn.

Torí náà ẹ má dá wá. Ẹ wá ní méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa ra abọ́ kan tàbí ewé kan, kẹ́ ẹ jọ fẹnu kàn án, kẹ́ ẹ sì máa rìn lọ síwájú. Ẹni tó bá dá ra nǹkan mẹ́fà á da púpọ̀ nínú ẹ̀ nù, ká sì máa da oúnjẹ nù lójú ẹni tó jí láago mẹ́rin sè é, kò dáa rárá. Ẹ mú ṣíbí tiyín dání, ẹ mú abọ́ kékeré tó ní ọmọrí, ẹ mú owó wẹ́wẹ́, 200 náírà, 500 náírà, torí ẹni tó ń ta nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ kì í sábà ní ṣéńjì láàárọ̀. Trásífà wà o, ọ̀pọ̀ wọn ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì sí ara kúlà, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú èrò ọjọ́ Òjúde Ọba kò ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ̀ ẹ́ jẹun tán, owó ò ní lọ, ìyá á máa wojú yín, ẹ̀yin náà á máa wo fóònù.

Kẹ́ ẹ tó béèrè iye, ẹ kí wọn. "Ẹ kú ọjà o, mà. Ajé á wọgbá o." Ẹ ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kódà kí ẹni tó ń tajà kéré sí yín, ẹni tó bá ń bọ́ yín, àgbà ni l'ọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ lè wá sọ pé, "Ìyá, àlejò ni wá o, a ò jẹ ẹ́ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa bù ú níwọ̀nba ká fi tọ́ ọ wò." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ṣíṣẹ́ gan-an. Mo ti rí ìyá kan l'Ókè-Ajé tó bu ìkọ́kọrẹ́ ṣíbí méjì sórí ewé fún ọmọ Ìbàdàn kan lọ́fẹ̀ẹ́, tó wá dúró tì í tó ń wo ẹnu ẹ̀, ó ní "Ó dùn àbí kò dùn?" Ọmọ náà ò tíì gbé e mì tó ti ń mi orí, ìyá sì rẹ́rìn-ín títí, ó tún bù sí i.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dúró níwájú igbá láàárọ̀, ẹ má tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ wá lọ láì rà. Àkọ́tà nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìyá ọjà ló gbà pé bí ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ bá ṣe rí ni ọjà ọjọ́ náà máa rí. Ẹ ra nǹkan, bó tiẹ̀ jẹ́ ti 200 náírà, ẹ má sì bá wọn ná an débi ìjà. Fọ́tò náà, ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó yà á.

Ọjà wo? N'Íjẹ̀bú-Òde, Òkè-Ajé lèmi máa ń kọ́kọ́ mú èèyàn lọ, torí àwọn tó ń ti oko bọ̀ máa ń wọ ibẹ̀, ẹ̀ ẹ́ rí ewùrà àti kókò tí iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, ẹ̀ ẹ́ wá mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ kó tó di jíjẹ. Ní Rẹ́mọ, Ṣágámù ló rọrùn jù fún ẹni tó bá ń gba Lagos–Ibadan Expressway, ọjà Awólọ́wọ̀ wà ní Sábó níbẹ̀. Àwọn ìlú kéékèèké sì ní ọjà ọrọọrún, èyí tí à ń ka òní mọ́ ọn, tí wọ́n bá ná an lónìí, tẹ́ ẹ ka òní ní ọ̀kan, ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tún máa ná an. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà tàbí ẹni tó ń wa Márúwá, wọ́n mọ̀ ju gúgù lọ. Ọjọ́ tí wọn ò ná ọjà, ẹ lè dé kẹ́ ẹ bá àtẹ òfìfo.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Àárọ̀ ni ti àkàrà àti ògì gbígbóná, ti ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ewé. Láti bí aago mọ́kànlá lọ sí aago méjì lẹ̀ ń wá ìkọ́kọrẹ́, èbìrìpò àti ọ̀fadà, torí ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti orí iná bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ti ọ̀jọ̀jọ̀, dùndú, bọ́ọ̀lì. Ẹni tó bá lọ wá ìkọ́kọrẹ́ láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, èyí tó kù ní ìsàlẹ̀ kúlà láti ọ̀sán ni wọ́n máa bù fún un.

Ìyẹn ló mú mi dé orí bí a ṣe ń mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ ká ti jẹun, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀, torí ẹni tí inú ẹ̀ bá dàrú ní ọjà wa kò ní fẹ́ padà wá mọ́. Èmi, ẹni tó ń ta nǹkan kan ṣoṣo ni mo máa ń wá. Ìyá tó jẹ́ pé ìkọ́kọrẹ́ nìkan ló ń sè láti ọdún pípẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ti mọ́ ọn, ìkòkò ẹ̀ sì máa ń tán lójoojúmọ́, kò sí pé ti àná ṣẹ́kù. Ẹ wo àwọn tó ń rà á. Tó bá jẹ́ àwọn awakọ̀, àwọn oníṣòwò ọjà náà fúnra wọn, àwọn ọmọ ilé ìwé, ẹ dúró. Ẹ ní kí wọ́n ṣí kúlà, kí ooru ẹ̀ lù yín lójú. Oúnjẹ tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán ni wàhálà wà nínú ẹ̀: àwọn elétò ìlera máa ń sọ pé kí oúnjẹ tí wọ́n ti sè má jókòó kọjá wákàtí 2 láìsí lórí iná tàbí nínú ohun tó ń mú kó gbóná dáadáa, kó ju ìwọ̀n 60 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ, torí ìgbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kòkòrò àìfojúrí máa ń pọ̀ sí i. Ẹ tún wo ọwọ́. Ọwọ́ tó ń gba owó, ṣé òun náà ló ń bu oúnjẹ? Ibi tí ọmọ kan ti ń gbowó, tí ìyá ẹ̀ ń bu oúnjẹ pẹ̀lú ṣíbí, ibẹ̀ lẹ máa lọ. Tí omi ìfọwọ́ àti omi ìfọṣíbí bá ti dúdú nínú ràbà, ẹ kí wọn, ẹ máa lọ, ẹ ò nílò láti sọ nǹkan kan.

Ó yá, ìkọ́kọrẹ́. Àwọn kan ń pè é ní ìfọ́kọrẹ́, ọ̀kan náà ni. Ewùrà ni wọ́n fi ń sè é, ewùrà kì í sì í ṣe iṣu iyán, omi ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gún un kò ní fà. Àwọn àgbà wa ò torí ìyẹn jù ú nù, wọ́n rin ín. Wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rin ín lára agolo tí wọ́n fi ìṣó lu, títí á fi di nǹkan kíki tó ń fà bí ilá, wọ́n á bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ọbẹ̀ á ti wà lórí iná ṣáájú ìyẹn, epo pupa, ata, alùbọ́sà, edé, ẹja gbígbẹ tàbí pánla, àti pọ́nmọ Ìjẹ̀bú tó nípọn yẹn, gbogbo ẹ̀ á máa hó. Wọ́n á wá máa fọwọ́ já ewùrà náà sínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibí yìí gan-an niṣẹ́ wà, kí wọ́n má rò ó. Ẹni tó bá fi orógùn kàn án lójú ẹsẹ̀ ti bà á jẹ́. Wọ́n á dé e, wọ́n á fa igi díẹ̀ kúrò nídìí ìkòkò, kí àwọn èyí tí wọ́n já sínú ẹ̀ lè dì kó sì jinná, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá rò ó jẹ́jẹ́, kí apá kan yọ́ mọ́ ọbẹ̀, kí apá kan sì kù ní kókó kókó.

Torí náà tí wọ́n bá bù ú fún yín, kókó yẹn lẹ ń wò. Ìkọ́kọrẹ́ tó bá dán lọ gbooro bí ògì, wọ́n ti rò ó jù. Ẹ fi ṣíbí la kókó kan sí méjì, kí epo ti wọ inú ẹ̀ díẹ̀, kó rọ̀ láàárín, tó bá ní funfun líle nínú, kò tíì jinná, ẹ ní kí wọ́n dá a padà síná, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi sẹ́nu, ẹja gbígbẹ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kí ata tó dé, kí dídùn ewùrà náà wá gbẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n fi magí ṣe ní gbogbo ẹ̀, ẹnu yín á mọ̀ ọ́n, ó máa ń gé kúrú.

Wọ́n á wá bi yín pé "Ṣé kí n fi ẹ̀bà sí i?" Àlejò á yanu. Ewùrà pẹ̀lú ẹ̀bà kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ gbà á. Ẹ̀bà gàrí Ìjẹ̀bú tó ti tutù, tó kan lẹ́nu díẹ̀, pẹ̀lú ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná tí epo ń dán lórí ẹ̀, kíkan yẹn ló máa ń gé epo náà lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nílé wa nìyẹn. Ẹ bu òkèlè kékeré kan péré, ẹ rántí pé ẹ ò tíì dé ìdajì.

Kí n tó gbàgbé, ewùrà ní àsìkò ẹ̀, apá ìparí ọdún wọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá nígbà tó wọ́n, ẹ̀ ẹ́ ṣì rí i, àmọ́ abọ́ á kéré, owó á sì ga. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí Rẹ́mọ. Ará Rẹ́mọ lìyá tó bí mi, torí náà ọ̀rọ̀ èbìrìpò kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ẹnu lásán sọ. Kókò ni wọ́n ń rin, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á pọ́n ọn sínú ewé bí ìgbà tí wọ́n ń pọ́n ẹ̀kọ, wọ́n á tò ó sínú ìkòkò, wọ́n á sè é fún ìgbà pípẹ́. Ewé yẹn ṣe pàtàkì o, èbìrìpò inú náílọ́ọ̀nù kì í rí bákan náà lẹ́nu, torí òórùn ewé ti máa ń wọ inú ẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tàbí ọbẹ̀ ata pẹ̀lú ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Àmọ́ ẹ fetí sí mi níbí yìí. Kókò tí kò jinná máa ń yún ọ̀fun. Nígbà kan mo dúró níbì kan ní ẹ̀bá títì, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, ebi ń pa mí, mo ra èbìrìpò méjì, mo já èkíní mo gbé e mì láì wò ó. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀fun mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún bí ìgbà tí wọ́n fi èsìsì nù ún, ahọ́n mi wú díẹ̀, omi ń jáde lójú mi, mo ń mu omi, kò lọ. Ìyá mi ló ní kí n mu epo pupa díẹ̀, ó rọlẹ̀ títí di alẹ́ àmọ́ ojú mi rí nǹkan l'ọ́jọ́ náà. Ohun tó ń fa á ni pé àwọn nǹkan ṣóṣóró kan wà nínú kókò tútù tó kéré ju ohun tójú lè rí lọ, bí abẹ́rẹ́ ló rí, iná tó pẹ́ ló ń pa oró ẹ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá ti tú ewé, ẹ wò ó: èyí tó jinná máa ń ṣí kúrò lára ewé wẹ́rẹ́, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn, àwọ̀ ẹ̀ á ti ṣókùnkùn díẹ̀, ó máa ń dì mú, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ á fẹ́ẹ́ ta padà. Èyí tó bá funfun láàárín, tó ń rùn bí kókò tútù, ẹ dá a padà. Kódà èyí tó rẹwà lójú, ẹ bu bíńtín, ẹ fi sórí ahọ́n, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa bá a lọ.

Ọ̀fadà, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ ìlú Ọ̀fadà ní Ọbáfẹ́mi-Òwódé ni ìrẹsì náà ti gba orúkọ ẹ̀, ìlú ọ̀hún ò sì jìnnà sí Rẹ́mọ. Àmọ́ ayamáṣe, ọbẹ̀ ata tẹ́ ẹ̀ ń jẹ lé e l'Ékòó yẹn, Ìkẹ́nnẹ́ làwọn èèyàn ń tọ́ka sí pé ó ti bẹ̀rẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá ti dé agbègbè yẹn, ẹ má kọjá láì tọ́ ọ wò. Ata tútù, èyí tó ṣì ní àwọ̀ ewé, ni wọ́n ń lò, epo pupa tí wọ́n ti dá lórí iná títí àwọ̀ ẹ̀ fi ṣí, írú tó pọ̀ dáadáa, ṣàkì, pọ́nmọ, ẹyin. Ẹ ní kí wọ́n bù ú sínú ewé eéran fún yín, ẹ má gba ti páálí. Ìrẹsì ẹ̀ máa ń kúrú, ó máa ń ní ilà pupa lára, ó sì máa ń ní òórùn tirẹ̀, ẹni tó bá ní òun fọ òórùn ẹ̀ kúrò pátápátá, ìrẹsì míì ló ń tà. Ẹ jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́ torí òkúta.

Gàrí wá ńkọ́? Àwọn kan á ní gàrí kì í ṣe oúnjẹ téèyàn ń tọ́ wò lọ́jà. N'Íjẹ̀bú, a máa ń tọ́ ọ wò. Àwọn tó ń tà á máa ń gbé e jókòó nínú bàsíà, ní òkè-òkè bí òkìtì iyanrìn funfun, wọ́n sì máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ fi ìka mú díẹ̀. Ohun tó mú kí tiwa yàtọ̀ ni pé wọ́n máa ń jẹ́ kó kan dáadáa: tí wọ́n bá ti rin ẹ̀gẹ́ tán, wọ́n á kó o sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta tàbí jáàkì lé e, ọjọ́ 3 sí 5, àwọn míì ń jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀, omi á máa ro dànù, á sì máa kan. Oró tó wà nínú ẹ̀gẹ́ ń bá omi yẹn àti iná agbada lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kù ú, wọ́n á yan án láìsí epo, á gbẹ, á kúná. Nígbà tẹ́ ẹ bá mú u sẹ́nu, kó kọ́kọ́ dún kẹrẹkẹrẹ ní eyín, kó tó di pé kíkan ẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n. Èyí tó bá rọ̀ lẹ́nu lójú ẹsẹ̀, ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́, kò ní pẹ́ hu. Èyí tó kan bí ọtí kíkan, tó ní òórùn àpò, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ra pure water tútù kan, ẹ da gàrí díẹ̀ sínú abọ́ kékeré tẹ́ ẹ mú wá yẹn, ẹ fi ẹ̀pà tàbí àgbọn sí i, ẹ wò ó bó ṣe ń wú. Ẹ mu ún kó tó fa omi tán. Ẹ má kó ṣúgà sí i ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnu yín mọ bó ṣe rí fúnra ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ máa gbé lọ sílé, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ mú u lọ́wọ́ ẹ̀ tọ́ wò gan-an, láti inú bàsíà kan náà, kì í ṣe inú àpò tó wà lẹ́yìn ẹ̀.

Àwọn nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ tẹ́ ẹ lè máa jẹ bẹ́ ẹ ṣe ń rìn: àádùn, rọ́bọ́, ìpékéré, àgbàdo sísun pẹ̀lú àgbọn tó bá jẹ́ ìgbà òjò, àgbálùmọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìwọ̀nyí wà káàkiri, ẹ má fi wọ́n kún ikùn. Tẹ́ ẹ bá dé Sábó ní Ṣágámù, ẹ yà wo obì, òwò obì ibẹ̀ ti pẹ́, àpọ̀jù àpò ni wọ́n ń kó lọ sí Òkè Ọya. Ẹ ra ẹyọ kan, ẹ pín in jẹ, kíkorò ẹ̀ máa ń fọ epo ọ̀fadà kúrò lẹ́nu, omi tẹ́ ẹ bá wá mu lé e á dùn bí ẹni fi oyin sí i.

Omi náà, èyí tí wọ́n dì, tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára, tí wọn ò tíì tú, ni kẹ́ ẹ mu. Ẹ fọ ara náílọ́ọ̀nù náà kẹ́ ẹ tó fi eyín já a, ìdọ̀tí kúlà omi dídì máa ń pọ̀ lára ẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ má dúró di ìgbà tẹ́ ẹ bá jẹun tán. Tí inú ẹnì kan bá wá dàrú, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má sáré lọ ra oògùn tó ń dí i, omi tó ń jáde lára ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá padà. ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti dì fún pípò mọ́ omi, wà ní kẹ́míìsì, tí kò bá sí nítòsí, pure water méjì tó jẹ́ 50cl 50cl, ìyẹn lítà 1, ṣíbí tíì ṣúgà 6 tí wọ́n ré lórí, àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀, kí wọ́n pò ó, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi kún iyọ̀ yẹn o. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń yà, tàbí ó ń bì láìdúró, tàbí ìgbẹ́ ẹ̀ ń jáde bí omi ìrẹsì, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ọmọdé àti arúgbó, ẹ má fi tiwọn ṣeré rárá, wọn kì í pẹ́ gbẹ.

Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, tẹ́ ẹ bá ń padà sí garéèjì, ìgbà yẹn ni ti ọ̀jọ̀jọ̀. Ewùrà kan náà ni, tí wọ́n rin, àmọ́ epo ni wọ́n ń dín in sí. Ẹ dúró wo ẹni tó ń dín in, ẹ má kàn rà á kẹ́ ẹ lọ. Ìyá kan wà tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó máa ń ti ìka mẹ́ta bọ inú ewùrà tó ti fi ata gígún, alùbọ́sà àti iyọ̀ pò, á gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ràbà lẹ́ẹ̀mejì, á wá fi àtàǹpàkò tì í sínú epo, plọ́, á ti bọ́ síbẹ̀ kí epo tó ta. Kò ní kó o jọ sínú agbada, mẹ́fà, méje, ó ti tó, torí tó bá pọ̀ jù epo á tutù, á wá mu epo dípò kó dín. Ẹ gbọ́ ìró ẹ̀: bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á máa pariwo ṣàràṣàrà, tó bá ti ń jinná ariwo náà á máa lọ sílẹ̀, tó bá ti ku ìró díẹ̀díẹ̀, á kó o. Ẹ wo epo náà pẹ̀lú, kó mọ́ débi tẹ́ ẹ ti lè rí ọ̀jọ̀jọ̀ nínú ẹ̀, epo tó ti dúdú tó ń hó fóòmù, ti ọjọ́ mélòó kan ni.

Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tó ń jáde bọ̀, kì í ṣe èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ já a sí méjì, èéfín á rú jáde, ẹ̀yìn ẹ̀ á dún lábẹ́ eyín, inú ẹ̀ á rọ̀, á máa fà díẹ̀, ata á wá ta yín ní ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n máa ń bu ata díndín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ gbà á. Ẹ fi ìwé tàbí ewé gbé e, ẹ má jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ inú náílọ́ọ̀nù, ooru ẹ̀ á sè é, kò ní dún mọ́. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ẹ jẹ ẹ́ tán kó tó kún.